Ìlà Kan Lára Àwo Orin Mi

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n má baà sọ̀rọ̀ sókè, nítorí yàrá tó kángun sí tèmi ni ọmọ mi ń sùn sí, etí rẹ̀ sì mú bí abẹ. Gbogbo àdúgbò wa ní Agége níbí ti pa lọ́lọ́, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ẹ̀yìnkùlé pàápàá ti dákẹ́, ṣùgbọ́n oorun kọ̀, kò wá sójú mi. Ẹ má rò pé ẹkún ni mò ń sun o. Ẹ̀rín ló ń pa mí tí mo fi fi ìborùn bo ẹnu. Àmọ́ bí mo bá rẹ́rìn-ín díẹ̀, n ó tún rántí ìbéèrè tí ọmọ yìí bi mí nírọ̀lẹ́ òní tí n kò dáhùn. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ ọ́ fún mi." Òótọ́ ló sọ. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ ti rí ìyá tó di òtítọ́ mọ́wọ́ rí, tí kò mọ̀ bóyá àkàrà ni yóò jẹ́ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ tàbí òkúta? Irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni mí. Délé tí mò ń pè lọ́mọ yìí ti lé ní àádọ́ta ọdún, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, ṣùgbọ́n ta ló ti rí ọmọ tó dàgbà lójú ìyá tó bí i?

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé yín, ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sí ìgbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ogun abẹ́lé parí. Àwọn awakọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba apá ọ̀tún ni, ó sì kù díẹ̀ kí wọ́n fi náírà rọ́pò pọ́n-ùn. Iléeṣẹ́ kan wà ní Ìkẹjà nígbà náà tí wọ́n ti ń tẹ àwo orin. Wọn á gbé ohun dúdú kan tó rọ̀ bí ẹ̀kọ sáàárín irin gbígbóná méjì, wọn á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nígbà tí wọ́n bá sì ṣí i, àwo ti jáde, ó ń dán yanranyanran, orin ti wà nínú rẹ̀. Ìyanu ló máa ń jẹ́ fún mi. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n gbọ́ ọ. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, Sikírá, ọmọ onílé ní Agége, la jọ máa ń wà nínú yàrá kékeré kan tí kò ní fèrèsé, a ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn há etí, a ó sì máa gbọ́ díẹ̀ nínú àwọn àwo tí wọ́n tẹ̀ lójúmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí tó bá ń ta pàrà, tàbí tí abẹ́rẹ́ ń há lára rẹ̀, a ó yà á sọ́tọ̀, wọn á fọ́ ọ, wọn á sì tún un yọ́. Ẹ wo iṣẹ́ o! Wọ́n ń sanwó fún ènìyàn kó jókòó kó máa gbọ́ orin!

Ẹ̀yin tí wọn kò tíì bí nígbà náà, ẹ pàdánù! Àwọn àwo kékeré tó jẹ́ orin kan lójú kan ti ń kógbá sílé, àwo ńlá ló gbòde. Olórin jùjú yóò bẹ̀rẹ̀ láti etí àwo, kò ní mí títí yóò fi dé àárín, gìtá á máa dún bí ẹni pé iná mànàmáná ló ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn afunfèrè háílàìfù ti padà sílùú wọn lásìkò ogun, jùjú sì ti jókòó sórí àga wọn. Àwọn ọmọkùnrin tó máa ń fi wéré jí àwọn ènìyàn sí sààrì ti ń sọ tiwọn di fújì, Sikírá a sì máa mì jìgìjìgì lórí àga rẹ̀ títí ẹ̀rọ a fi yọ kúrò létí rẹ̀. Èmi ní tèmi, bí wọ́n bá gbé àwo àwọn òyìnbó àtijọ́ wá, tí gòjé wọn pọ̀ bí eéṣú, mo máa ń di ojú mi. Sikírá á ní, "Ẹ wò ó, Ìyá Ààfin ti sùn lọ!" N kò sùn. Mò ń rìn káàkiri inú orin náà ni.

Ní ọjọ́ kan ni wọ́n gbé àwo ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tiwa gan-an wá. Ọ̀gá Òdúṣínà ló kọ orin inú rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, òun ló ń ṣe olórí akọrin wa nígbà náà, ọkùnrin gíga kan tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tó ṣe, kò sẹ́ni tó ṣe irú rẹ̀ rí nínú ìjọ wa. Ó mú dùùrù ńlá, ó mú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo, ó ní kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀, orin náà sì gùn tó odidi ojú àwo kan. Orin nípa òwúrọ̀ ni. Òkùnkùn á kọ́kọ́ bo ohun gbogbo, àwọn ohùn á máa ráhùn lábẹ́, títí wọn a fi dé ibi tí gbogbo wọn ti kígbe pé "oòrùn yọ!" Àwọn àgbà ìjọ bínú. Wọ́n ní ṣé ilé ọtí ló fẹ́ sọ ilé Ọlọ́run dà ni, tó fi gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọlé? Lọ́jọ́ tí a ń gbọ́ àwo náà, òun fúnra rẹ̀ wá sí yàrá wa, ó di fìlà rẹ̀ mú, ó ń làágùn. Ó bi mí pé, "Arábìnrin, báwo ló ṣe rí létí yín?" Mo ní, "Ó dùn, sà. Kò ta pàrà rárá." Ó ní, "Ibi tí oòrùn ti yọ ńkọ́?" Mo ní, "Ó yọ, sà." Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó yára yọ jù." Ohun tó ń sọ kò yé mi nígbà náà. Ó fún mi ní àwo kan, ó ní kí n máa fi rántí òun.

Àwọn àgbà ìjọ kò jẹ́ kí wọ́n ta àwo yẹn. Ọ̀gá Òdúṣínà kó ẹrù rẹ̀, ó padà sí Ìjẹ̀bú, nígbà tó sì pẹ́, a gbọ́ pé ó ti kú. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, kò ku ẹyọ àwo náà kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ìjọ àfi tèmi. Àwo tí mo gbà kò ní àbùkù kankan, èmi tí mo fi etí ara mi gbọ́ ọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí mo ti lọ́kọ ni ìlà kan wá bá ara rẹ̀. N ó sọ bó ṣe débẹ̀ fún yín kí n tó jẹ́ kí ẹ lọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí abẹ́rẹ́ bá ti dé ibi tí oòrùn ti yọ, á fò sẹ́yìn, á tún un sọ, á tún fò sẹ́yìn, á tún un sọ, kó tó ráyè kọjá. Oòrùn tí Ọ̀gá Òdúṣínà ní kó yọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń yọ nínú ilé tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí orí Délé. Iléeṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlúpéjú láti ìgbà èwe rẹ̀ kógbá wọlé, wọ́n sì ní kí gbogbo wọn máa lọ sílé. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbà mí gbọ́, ọmọ tó ń pariwo dára ju ọmọ tó dákẹ́ lọ. Délé dákẹ́. Bí mo bá ní kó jẹun, á ní "ẹ ṣé, Mọ́mì". Bí mo bá ní kó jáde lọ gba atẹ́gùn, á ní "ẹ ṣé, Mọ́mì". Kò sì ní jẹun, kò sì ní jáde. Mo máa ń dìde lóru, kí n lọ gbé etí mi lé ilẹ̀kùn rẹ̀, kí n gbọ́ bóyá ó ń mí. Èmi tí wọ́n sanwó fún nígbà kan kí n máa gbọ́ àléébù àwo, mo wá ń gbọ́ èémí ọmọ mi. Akọrin ni Ọlọ́run fi yọ ọ́. Olórí akọrin ìjọ wa kó lọ sókè òkun, kò sẹ́ni tó lè tẹ dùùrù bí ti Délé, wọ́n bá ní kó máa bá wọn dì í mú ná. Àwọn kan ń sọ pé àwọn yóò mú ọ̀dọ́mọdé kan tó gboyè nínú orin wá rọ́pò rẹ̀ bí kò bá ṣe dáadáa. Kò kà wọ́n sí. Ẹ̀rín tún padà sẹ́nu rẹ̀. Ó tún ń súfèé nílé ìwẹ̀!

Nígbà tí àjọ̀dún ìjọ wa ń bọ̀, Délé ní òun fẹ́ jí orin òwúrọ̀ yẹn dìde. Kò sí ìwé orin náà mọ́, àwo mi nìkan ló kù. Abúlé Ẹ̀gbá ni mo wà nígbà náà, mò ń bá àbúrò rẹ̀ obìnrin tọ́jú ọmọ tuntun. Ó gbé àwo náà sórí gírámafóònù bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé, ó gbà á sórí fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo akọrin, wọ́n sì ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ. Ìgbà tí mo fi padà délé, wọ́n ti mọ̀ ọ́n lámọ̀dunjú. Mò ń bọ̀ lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí wọ́n ń dánrawò, mo gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé. "Oòrùn yọ." Wọ́n dúró díẹ̀. "Oòrùn yọ." Wọ́n tún dúró. "Oòrùn yọ!" Yéè! Àwọn ọmọ yìí ti kọ́ ìlà ara àwo mọ́ orin! Délé sáré jáde wá bá mi, ojú rẹ̀ ń tàn bí ọjọ́ tí mo bí i, ó ní, "Mọ́mì, ẹ gbọ́ ibi tí wọ́n ti tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta? Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n Bàbá yẹn wà! Ẹ ò rí bó ṣe dá oòrùn dúró kó tó yọ? Àwọn àgbà yìí jinlẹ̀ o!" Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí lẹ bá sọ? Mo wo ojú yẹn, ojú tí mo ti ń fi àdúrà wá láti ọjọ́ yìí, mo ní, "Wọ́n jinlẹ̀ lóòótọ́, ọmọ mi."

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ta ló mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí èmi? Àfi bí ẹnì kan nínú àwọn akọrin ṣe gbé díẹ̀ nínú ìdánrawò náà sórí ayélujára, tí ìpè wọlé láti Ìjẹ̀bú. Ọ̀gá Òdúṣínà kò kú! Ó ti sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì ní Bàbá sunkún nígbà tó gbọ́ pé wọ́n tún ń kọ orin òun. Àwọn àgbà ìjọ ti òde òní ní ẹ̀ṣẹ̀ àwọn bàbá àwọn ló délẹ̀ yìí, àwọn yóò pè é wá, àwọn yóò fi ìjókòó iwájú dá a lọ́lá. Gbogbo ìjọ ń yọ̀, àfi èmi. Ìjọ kan náà tó lé Bàbá lọ, ṣé òun náà ni yóò tún pè é padà wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ba orin rẹ̀ jẹ́? Bí Bàbá bá sì dìde tó ní "Ta ló ṣe èyí?", kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí Délé mi? Ṣé kì í ṣe ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ yẹn ni yóò tún tì mọ́rí? Mo pe Sikírá lórí fóònù, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Àlàájà ni báyìí, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò yí padà.

Ó ní, "Ìwọ Ìyá Délé yìí, o ò ní jẹ́ kí n sinmi! Ta ló bi ọ́ léèrè?"

Mo ní, "Kò tíì sẹ́ni tó bi mí."

"Ṣé wọ́n ṣì ń sanwó fún ẹ ní Ìkẹjà kó o máa wá àléébù ni? Gbé ẹnu ẹ dákẹ́. Bí oòrùn bá yọ lẹ́ẹ̀mẹta, ṣé aṣọ tá a sá ò ní yára gbẹ ni?"

"Sikírá, ọ̀rọ̀ gidi là ń sọ o!"

"Gidi lèmi náà ń sọ. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbẹ́ ẹ ni n ó jókòó sí, kó o má baà lọ fò dìde."

Lónìí, ọjọ́ Ìsinmi, ni wọ́n kọ ọ́. Sikírá wá lóòótọ́, tòun ti híjáàbù rẹ̀ aláwọ̀ ewé, ó jókòó ti èmi tí mo wọ aṣọ funfun, gbogbo ènìyàn ń kí i. Ọmọ Bàbá mú Bàbá wọlé, ó ti kéré sí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó ṣì di fìlà rẹ̀ mú bíi ti ọjọ́sí. Dùùrù bẹ̀rẹ̀. Òkùnkùn bẹ̀rẹ̀. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ rọra ń sọ̀rọ̀ lábẹ́. Mo fi èékánná ha ara mi lọ́wọ́. Wọ́n dé ibẹ̀. "Oòrùn yọ", bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Oòrùn yọ", bí ẹni tó yọjú díẹ̀. "Oòrùn yọ!", gbogbo ohùn, gbogbo agogo, gbogbo dùùrù! Àwọn ènìyàn fò dìde. Nígbà tí wọ́n parí, Bàbá fi ọ̀pá lu ilẹ̀, gbogbo ilé dákẹ́. Ó ní, "Ta ni olórí akọrin yín?" Délé dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀.

Bàbá ní, "Ta ló kọ́ ẹ ní ohun tí o ṣe níbi tí oòrùn ti yọ?"

"Bàbá mi, ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi kẹ̀? Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti ń gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ mi, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbàgbé orin mi."

Mo fẹ́ dìde, kí n ní èmi ni kí wọ́n bi, Sikírá sì fún mi léékánná nítan, ó ní, "Má dán an wò!" Ìgbà náà ni èjìká Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ìbínú ni. Ẹ̀rín ni! Bàbá ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti kọ orin yìí ni ibẹ̀ ti ń dùn mí. Mo fẹ́ kí oòrùn yẹn ṣiyèméjì kó tó yọ, bí òwúrọ̀ ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣe é. Ó kàn yọ fìrì bí ẹni tó fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn ṣí. Ìwọ ọmọ yìí lo bá mi parí rẹ̀." Délé ní, "Bàbá, mi ò fi nǹkan kan kún un o, bí a ṣe gbọ́ ọ la ṣe kọ ọ́." Bàbá kọjú sí ìjọ, ó ní, "Ẹ ò rí i? Ó tún ní ìrẹ̀lẹ̀!" Ilé bú gbàmù! Wọ́n gbé Délé sókè. Ijó tí Sikírá jó nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa lónìí, kò sí ọmọ ìjọ kan tó jó o. Bàbá ní kí wọ́n tún orin náà kọ, ó sì ní òun fẹ́ kí wọ́n gbà á sílẹ̀ lákọ̀tun nígbà tí òun ṣì wà láyé, kí oòrùn yọ lẹ́ẹ̀mẹta gẹ́gẹ́ bí Délé ṣe mú un yọ.

Ìgbà tí a délé ni ọmọ mi wá jókòó tì mí, tó ní, "Mọ́mì, Bàbá ní òun ò ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi náà ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gbọ́ àwo yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ta wá ló ṣe é? Mi ò fẹ́ máa jẹ iyì tí kì í ṣe tèmi." Mo ní ó ti rẹ̀ ẹ́, kó lọ sùn, ilẹ̀ yóò mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó báyìí, tí àwo náà wà lórí itan mi, tí mò ń fi ìka tọ ìlà yẹn.

Ẹ gbọ́ bó ṣe débẹ̀. Nígbà tí Délé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, tí ṣíbí ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, bàbá rẹ̀ ń gbọ́ àwo yìí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, èmi sì ń ro ògì. Ọmọ náà wo bí mo ṣe ń ro ó yípoyípo, ó wo bí àwo ṣe ń yí yípoyípo, ó sì rò pé ohun kan náà ni. Ó lọ ti ṣíbí bọ àwo, ó ń bá wọn ro ó! Gbàrà tí mo gbọ́ igbe abẹ́rẹ́, mo sáré wọlé, ó gbójú sókè wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé òun ti bá mi ṣiṣẹ́. Ọwọ́ mi ti gbéra láti nà án. Bàbá rẹ̀ ní, "Fi í sílẹ̀. Ó fẹ́ kọ orúkọ tiẹ̀ náà sára àwo ni." Mo dáwọ́ dúró, mo gbé e mọ́ra. Láti ọjọ́ náà ni oòrùn ti ń yọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ta ló wá ṣe é? Ṣé kì í ṣe Délé náà ni? Bàbá kò purọ́, ọmọ mi kò jẹ iyì ẹlòmíràn, ó kàn ti pẹ́ tó ti ṣiṣẹ́ náà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń tọ́ ọmọ kékeré, bí wọ́n bá ba nǹkan yín jẹ́, ẹ má tètè gbé ọwọ́ sókè. Ẹ ò mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, n ó ro ògì fún un, n ó gbé àwo náà sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ rẹ̀, n ó fi ṣíbí lé e lọ́wọ́, n ó sì dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Ìyẹn ti tán lọ́kàn mi.

Ti Bàbá Òdúṣínà ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Ṣé kí a sọ fún un pé ọmọ tó bá a parí orin rẹ̀ kò tíì lè sọ̀rọ̀ nígbà tó parí rẹ̀, àbí kí a fi àgbàlagbà sílẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀ rẹ̀? Bí mo bá rò ó pé yóò dùn ún, n ó pa ẹnu mi mọ́. Bí mo bá sì rántí bí èjìká rẹ̀ ṣe ń mì lónìí, á dà bíi pé ẹ̀rín rẹ̀ kò tíì tán. Ẹ tètè gbà mí nímọ̀ràn o. Délé ti jí, mò ń gbọ́ ọ: ó ń súfèé nínú òkùnkùn.